Sáà Kejì: Ìgbà Tí Ọmọ Ń Wo Ojú Ọ̀nà

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí ekuru tí ó ti bo òrùlé láti oṣù Kọkànlá bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, tí igi máńgòrò sì ti ń so wẹ́wẹ́, ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé girama kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò gbọ́ ìró fèrè. Yóò rí àwọn ọmọ tí wọ́n tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí wọ́n ń yan bí ológun lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yóò rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń sáré yí pápá ká, tí olùkọ́ kan sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ní Kano àti Kaduna, ní Jos àti Maiduguri, ní Minna àti Sokoto, kò di ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé sáà kejì ti wọlé.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń pe àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta ọdún. Yìnyín á yọ́, ewé tuntun á rú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì tú jáde sí pápá láti ṣeré. Àwa kò ní yìnyín, ṣùgbọ́n a ní àkókò tiwa, èyí tí ó wà láàárín òpin ọyẹ́ àti òjò àkọ́rọ̀. Àkókò náà gan-an ni sáà kejì ilé-ìwé bọ́ sí, òun ni ó sì mú un yàtọ̀ sí sáà méjì yòókù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ni ó mọ ìwúlò sáà kìíní, nítorí pé ìgbà náà ni a ń san owó gọbọi, tí a ń ra aṣọ ilé-ìwé àti ìwé tuntun. A mọ ìwúlò sáà kẹta pẹ̀lú, nítorí pé ìgbà náà ni a ó mọ̀ bóyá ọmọ yóò bọ́ sí kíláàsì tí ó kàn tàbí yóò tún èyí tí ó wà kà. Ti sáà kejì ni a kò kà sí. Sáà eré ni a ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ọmọ òun ń dà, sáà kejì ni ó yẹ kí ó lọ wò ó. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa jíròrò lé lórí lónìí nìyẹn.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ SÁÀ NÁÀ

Inú oṣù Kìíní ọdún ni sáà kejì máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa lọ títí di nǹkan bí àsìkò Ọdún Àjíǹde. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe kàlẹ́ńdà tirẹ̀, nítorí náà kí òbí tí ó ní ọmọ ní ìpínlẹ̀ méjì má ṣe fi ti ọ̀kan ṣe ìwọ̀n èkejì. Ní ọdún 2025, fún àpẹẹrẹ, ìpínlẹ̀ Bauchi, Kano, Katsina àti Kebbi ti àwọn ilé-ìwé wọn fún ààwẹ̀ Ràmàdáánì, nígbà tí àwọn ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí ni eré ìje láàárín àwọn agbo ilé máa ń wáyé. Ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn ilé-ìwé kan ń lọ kojú ti ilé-ìwé mìíràn. Ìgbà náà ni eré orí ìtàgé ń wáyé, tí ọjọ́ àṣà ń wáyé, tí àwọn tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá sì ń ṣe ìdánwò àṣedánrawò kí ti WAEC tó dé. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó rí i pé kò sí sáà tí ọmọ fi ń dúró níwájú àwọn ènìyàn tó báyìí. Ọmọ tí ó bá sì dúró níwájú àwọn ènìyàn yóò máa wò káàkiri bóyá àwọn tirẹ̀ wà níbẹ̀.

AGBO ILÉ ÀTI Ọ̀PÁ ÌJE

Láti àwọn ilé-ìwé oníbùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí agbo ilé ti wá bá wa. Ó fìdí múlẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé àtijọ́ wa, bí King's College ní Èkó, tí ó ṣí ní 1909, àti ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní Katsina ní 1921, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Barewa College ní Zaria. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Warri, Okposi àti Sokoto ní 1966, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé kí àwọn ọmọ láti ìhà gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lè máa gbé pọ̀, kí wọ́n jọ máa jẹun, kí wọ́n sì jọ máa ṣeré. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré.

Nínú agbo ilé, ọmọ Ọ̀ffà lè bá ọmọ Nnewi àti ọmọ Daura wọ aṣọ aláwọ̀ ofeefee, kí àbúrò rẹ̀ sì wà nínú agbo ilé aláwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ eré ìje, ọmọ ìyá méjì á di alátakò, àwọn tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn á sì di ará ilé kan náà. Àwọ̀ aṣọ ni ó ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ìlú baba wọn.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti ṣa àwọn tí yóò sáré àti àwọn tí yóò fò. Bí ọjọ́ náà bá pé, agbo ilé kọ̀ọ̀kan á pa àgọ́ tirẹ̀, wọn á fi ìmọ̀ ọ̀pẹ àti aṣọ aláràbarà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn á kọ́kọ́ yan kọjá níwájú àwọn àlejò. Lẹ́yìn náà ni eré ìje mítà 100, fífò sókè, fífò jìnnà, jíju irin, àti fífa okùn. Àwọn olùkọ́ náà á sáré, àwọn òbí á sì dìde kúrò lórí àga láti sáré tiwọn, ẹ̀rín á sì sọ. Gbogbo ipò tí a bá gbà ni ó ní iye tí ó ń fi kún máàkì agbo ilé. Èyí tí ó máa ń kẹ́yìn, tí gbogbo ènìyàn máa ń dìde dúró wò, ni eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin, níbi tí ẹnì kan ti ń gbé ọ̀pá kékeré lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ ẹnì kan yá tó, kò lè dá gba eré yìí. Bí wọn kò bá sì gba ọ̀pá láàárín ìlà tí a fà sílẹ̀ fún un, wọ́n ti kúrò nínú eré.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ní Los Angeles ní 1984, àwọn mẹ́rin tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn tí wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà nínú eré mítà 400 ẹlẹ́ni-mẹ́rin ni Sunday Uti, Moses Ugbisien, Rótìmí Peters àti Innocent Egbunike. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ni wọ́n ti jáde. Ní ọdún 2022, Tóbi Amúsàn, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré mítà 100 tí a ń fo igi nínú rẹ̀, obìnrin kankan kò sì tíì sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé nígbà náà.

ỌJỌ́ TÍ BÀBÁ MI WÁ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú èmi fúnra mi rí. Aṣọ ni bàbá mi ń tà ní Sábóńgàrì ìlú kan ní òkè ọya. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilé-ìwé oníbùgbé tí mo lọ jìnnà sí ọjà rẹ̀ tó ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kò wá síbi eré ìje wa. Nígbà tí mo kọ lẹ́tà sí i, èsì tí ó fi ránṣẹ́ ni pé: "Ṣé eré sísá ni mo tìtorí rẹ̀ ń ta aṣọ?" N kò dá a lẹ́bi. Ọjọ́ Sátidé ni eré náà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ Sátidé sì ni ọjà máa ń yá jù. Ẹni tí ó ti ìlú rẹ̀ wá wá oúnjẹ ní ìdálẹ̀ kì í fẹ́ kí oníbàárà kan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ní ọdún kẹta, wọ́n fi mí sí ipò tí ó kẹ́yìn nínú eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti agbo ilé wa. Ọmọ Tiv kan tí ibùsùn rẹ̀ kángun sí tèmi ni yóò gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi dán an wò. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwa ni a wà níwájú. Ọmọ náà sáré dé, ó na ọ̀pá sí mi bí a ti ṣe ń ṣe é, ọwọ́ mi kò sì dì í mú. Ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ gbé e, àwọn mẹ́ta ti kọjá.

Àwọn ọmọ agbo ilé wa yí ọmọ Tiv náà ká. Wọ́n ń bú u, wọ́n ní òun ni kò na ọ̀pá dé ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn okùn tí wọ́n fà yí pápá ká: "Àkànní!" Bàbá mi ni. Ó ti fi ìsọ̀ lé ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti dé láti òwúrọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò béèrè ipò tí a gbà. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Ọwọ́ ta ni ọ̀pá ti bọ́?" Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá." Ó ní, "Ǹjẹ́ o ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Mo padà lọ, mo sì sọ ọ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà fi parí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Bàbá mi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwa méjèèjì, ó bi ọmọ náà léèrè orúkọ àti ìlú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Gboko ni àwọn òbí rẹ̀ wà, wọn kò sì rí owó ọkọ̀ wá. Nígbà ìsinmi, ó ní kí n mú un wá kí ìyá mi. Títí di òní olónìí, a kì í pàdé kí a má mẹ́nu ba ọ̀pá yẹn.

Ì bá ṣe pé bàbá mi kò wá lọ́jọ́ náà, irọ́ ni ǹ bá gbé kúrò ní pápá, ọ̀rẹ́ mi ni ì bá sì ru ẹ̀bi mi. Olùkọ́ púpọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ojú mi tó láti mọ̀ pé mo ń fi nǹkan pamọ́.

ÈDÈ TA NI ỌMỌ WA Ń SỌ?

Ọjọ́ kejì tí ó yẹ kí òbí wá ni ọjọ́ àṣà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, gbà wá níyànjú pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè Hausa, Igbo àti Yorùbá ní àfikún sí èdè abínibí rẹ̀. Ọmọ tiwa tí a bí sí ìdálẹ̀ kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyí. Hausa ni ó fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kàwé. Yorùbá ni ó máa ń kù sẹ́yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ àfi ìgbà tí a bá ń bá wọn wí.

A ti rí ọmọ tí ó wọ agbádá tí ó sì dé fìlà abetí-ajá lọ́jọ́ àṣà, tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó ki oríkì ìdílé rẹ̀, tí ó wolẹ̀ láìlè fọhùn. Ìtìjú náà kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti ilé-ìwé. Ilé-ìwé lè kọ́ ọ ní ijó, wọ́n lè yá a ní aṣọ, ṣùgbọ́n oríkì baba rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn. Bí sáà kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, kí baba tàbí ìyá jókòó ti ọmọ, kí wọ́n kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ fún un àti ohun tí ó gbé ìdílé wọn dé ibi tí wọ́n wà. Kí a má sì ṣe kẹ́gàn Hausa tí ó gbọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè onílé, tí kò sì gbàgbé ti ilé baba rẹ̀, ti ní ẹsẹ̀ méjì tí yóò fi dúró.

OORU, EKURU ÀTI FÈRÈSÉ

Ohun kan tún wà tí lẹ́tà ọmọ kì í sọ, àfi kí òbí fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn oṣù wọ̀nyí gan-an ni àìsàn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà ní òkè ọya. Ekuru àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ba awọ inú ọ̀fun jẹ́, àìsàn náà sì ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn níbi tí ènìyàn bá há mọ́ra sí. Ní 1996, ó ju 100,000 ènìyàn tí ó mú ní Nàìjíríà, ó sì pa iye tí ó ju 11,000 lọ. Ní 2017, ó tún jà ní Zamfara, Sokoto, Katsina àti Kebbi pẹ̀lú àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀mí tí ó ju 1,000 lọ ni ó sì bá a rìn. Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni ó máa ń rọlẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí ọmọ yín, ẹ bẹ ọ̀gá tí ó ń mójú tó ilé ìsùn wọn kí ẹ wo ibẹ̀. Ṣé àwọn ibùsùn jìnnà sí ara wọn? Ṣé fèrèsé ń ṣí ní alẹ́, àbí wọ́n ti kàn án pa nítorí ekuru? Ẹ béèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń dènà irú márùn-ún nínú àìsàn yìí. Ẹ sọ fún ọmọ pé bí ara òun tàbí ti ẹni tí ó sùn tì í bá gbóná lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn le gan-in, tí ó ń bì tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń ni ojú rẹ̀ lára, kí ó ké sí àgbà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ó dúró di òwúrọ̀.

Ẹ wo ọgbà yíká náà. Kò sí òbí tí ó lè gbàgbé Chibok, níbi tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, tàbí Dapchi, níbi tí wọ́n ti kó 110 ní oṣù Kejì 2018. Bíbéèrè nípa odi, ẹ̀ṣọ́ àti iná alẹ́ kì í ṣe àrífín sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fi ọmọ síbẹ̀ ni.

ÌDÁNWÒ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Bí sáà kejì bá ti ń parí lọ, ìdánwò á kan ilẹ̀kùn àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá: ti WAEC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ti NECO, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, àti ti JAMB, tí ó ti wà láti 1978 fún àwọn tí ń lọ sí yunifásítì. Òbí kan wà tí kò wá síbi eré ìje, tí kò wá sí ọjọ́ àṣà, ṣùgbọ́n tí yóò dé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tí yóò máa wá ẹni tí yóò sọ ìdáhùn fún ọmọ òun. Ó rò pé òun ń ran ọmọ lọ́wọ́ ni. Ohun tí ó ń sọ fún ọmọ náà ni pé bí ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kí á wá ẹlòmíràn tí yóò gba ipò náà fúnni. Bí àṣírí bá sì tú, WAEC lè fagi lé èsì rẹ̀, ọdún náà á sì ṣòfò.

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. A kò sọ pé kí ẹ ti ìsọ̀ pa lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan péré nínú sáà kejì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ tètè béèrè ọjọ́ tí eré ìje bọ́ sí, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ rán ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìlú yín tí ó wà nítòsí ibẹ̀. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ wò yíká fún ọmọ tí kò ní ẹnìkan, kí ẹ ra omi tútù fún un pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi owó ìdálẹ̀ kọ́lé sí ìlú baba wa. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a bá ti ń ra bíríkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀ffà, kí a rántí pé ọmọ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní ọ̀sán gangan yìí, tí ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, tí ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé bóyá yóò rí wa.